Ọ̀gá Kọ́ Ni Alábòójútó: Lórí Kọ̀ǹpútà Àjọlò Inú Ilé

Àṣìpè kan ti wọ ọ̀pọ̀ ilé ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokomáíkò láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti di ohun èlò ilé, àṣìpè náà sì ti bí ìwà tí kò dára. Àkáǹtì kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní administrator. Òun ni ó ní àṣẹ láti fi ètò tuntun sínú ẹ̀rọ, láti yọ èyí tó wà níbẹ̀, láti dá àkáǹtì fún ẹlòmíràn àti láti pa á rẹ́. Ọ̀gá ni àwọn ènìyàn ń pè é. Nígbà tí ó sì ti di ọ̀gá, bàbá wo ni yóò gbà pé òun kì í ṣe ọ̀gá nínú ilé òun? Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó mọ ẹ̀rọ lò ju bàbá lọ kò sì ní fẹ́ gbà pé ẹnikẹ́ni ni ọ̀gá òun nídìí kọ̀ǹpútà. Ibi tí ọ̀rọ̀ máa ń parí sí ni pé gbogbo ilé á jọ máa lo àkáǹtì ọ̀gá kan ṣoṣo, láìní ọ̀rọ̀ ìpamọ́ kankan, wọn á sì pe ìyẹn ní ìṣọ̀kan.

Àwọn tó ń gbèjà àṣà yìí ní àwíjàre. Wọ́n ní ilé Yorùbá kì í ṣe ilé òyìnbó. Wọ́n ní ẹni tó bá ń fi ọ̀rọ̀ ìpamọ́ ti nǹkan mọ́ ìyàwó tàbí ọmọ rẹ̀, ó ní ohun tó ń bò mọ́lẹ̀. Wọ́n ní ohun tí wọ́n jọ fi owó kan rà, kí wọ́n jọ lò ó. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n irọ́ ni nípa ilé Yorùbá, irọ́ sì ni nípa kọ̀ǹpútà.

Ṣé inú agbo ilé àtijọ́ ni ìlẹ̀kùn kò sí ni? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀ tí tọmọdé tàgbà ń jókòó sí. Àgbàlá wà, ibi ìdáná wà. Ṣùgbọ́n yàrá ìyálé kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ á kágò, á sì dúró kí wọ́n dáhùn. Ẹni tó bá já wọlé láìkágò, ilé tí wọ́n ti kọ́ ọ ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè. Àwọn tó bọ̀wọ̀ fún ara wọn ló gbé àgò kíkà kalẹ̀, kì í ṣe àwọn tó kórìíra ara wọn.

Bí agbo ilé bá jìnnà sí ọmọ ìwòyí, ilé face-me-I-face-you kò jìnnà sí i. Wọ́n wà ní àdúgbò Ìyànà-Ìbà àti Òkokomáíkò, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń bá àwọn oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ gbélé. Ilé ìdáná kan, kànga kan, ilé ìwẹ̀ kan, géètì kan. Àgádágodo sì wà lẹ́nu yàrá kọ̀ọ̀kan. Ayálégbé tó ti yàrá rẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jà. Nítorí pé yàrá ṣeé tì ni wọ́n ṣe lè jọ lo àgbàlá láìfura sí ara wọn. Ẹnìkan tún wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ tí kò ṣeé gbàgbé, ìyẹn kiatékà. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ géètì wà. Òun ló ń pe ẹni tó ń tún páìpù ṣe, òun ló ń fi yàrá tó ṣófo han ayálégbé tuntun. Síbẹ̀ inú yàrá tirẹ̀ ni òun náà ń sùn. Kò sẹ́ni tó ń pe kiatékà ní onílé, ọjọ́ tó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ yàrá oníyàrá kiri ni ìjà á dé.

Ohun tí administrator jẹ́ nìyẹn. Alábòójútó ni. Ọ̀gá ń pàṣẹ fún ènìyàn. Alábòójútó ń tọ́jú nǹkan. Kódà alákòóso, tí àwọn kan fẹ́ràn láti máa lò, ṣì súnmọ́ ipò àṣẹ jù, nítorí kò sí ẹni tí àkáǹtì yìí ń kó sòdí. Microsoft ṣe ojú Yorùbá fún Windows Vista àti Windows 7, èyí tó fi hàn pé èdè náà lè gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sójú ẹ̀rọ kò lè borí èyí tó wà lẹ́nu àwọn ará ilé, ọ̀gá ló sì wà lẹ́nu wọn.

Ìtàn kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ta ko àwọn tó ń fi àjọlò ṣe àwáwí. Kì í ṣe ìyapa ló bí àkáǹtì, àjọlò ló bí i. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1961, ní ilé ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà, Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ètò kan hàn tó ń jẹ́ CTSS. Kọ̀ǹpútà ìgbà náà tóbi tó yàrá, owó rẹ̀ sì ju agbára ẹnìkan lọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní láti lo ẹyọ kan. CTSS mú kí wọ́n lè lò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Kí iṣẹ́ ọ̀kan má baà da ti èkejì rú, wọ́n fún olúkúlùkù ní àyè tirẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìpamọ́ tirẹ̀. Lára ibi tí ọ̀rọ̀ ìpamọ́ orí kọ̀ǹpútà ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. (Olè rẹ̀ náà kò pẹ́ dé. Ní 1962, akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀, Allan Scherr, mú kí ẹ̀rọ tẹ ọ̀rọ̀ ìpamọ́ gbogbo ènìyàn jáde fún òun, nítorí àkókò tí wọ́n fún un lórí ẹ̀rọ kò tó o.) Ilé tó ní kọ̀ǹpútà mẹ́rin fún ènìyàn mẹ́rin lè ṣe bó ti wù ú. Ilé tí ènìyàn mẹ́fà ti ń lo ẹyọ kan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù.

Òótọ́ ni pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti àwọn ará ilé nìkan. Windows 95 àti 98 tí ọ̀pọ̀ ilé kọ́kọ́ mọ̀ kò ní odi gidi láàárín òǹlò kan àti èkejì. Windows XP tó jáde ní 2001 ní odi, ṣùgbọ́n gbogbo àkáǹtì tí ènìyàn bá dá nígbà tó ń tò ó ló ń gba àṣẹ alábòójútó. Ìgbà tí Vista dé ọjà ní 2007 ni Windows bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ òǹlò kí ó tó jẹ́ kí ètò kan fọwọ́ kan ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ, àwọn ènìyàn sì bú u fún ìbéèrè náà. Títí di òní, àkáǹtì àkọ́kọ́ tí Windows ń dá, ti alábòójútó ni. Ẹni tí kò bá ṣe nǹkan kan sí i, inú rẹ̀ ni yóò máa gbé títí ẹ̀rọ yóò fi kú.

Ọ̀rọ̀ ọjà tún wà níbẹ̀. Àlàbá International ní Ọ̀jọ́ kò jìnnà sí àwọn ilé wọ̀nyí, tuntun àti tòkunbọ̀ ló sì ń tà níbẹ̀. Ẹni tó ra tòkunbọ̀ ra ilé tí ẹlòmíràn ti gbé rí. Ní 2005, àjọ Basel Action Network gbé ìwádìí kan jáde lórí ẹ̀rọ àlòkù tó ń wọ Èkó. Wọ́n ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bíi kọ̀ntéínà 500 lóṣù, wọ́n sì ní èyí tí kò wúlò mọ́ nínú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Wọ́n tún ra háàdì dísìkì níbẹ̀, wọ́n yẹ inú wọn wò, wọ́n sì bá ìsọfúnni àdáni àwọn ará òkè òkun tó ti lò wọ́n nínú wọn. Bí ìwé àwọn ará òkè òkun bá lè bá ẹ̀rọ dé Èkó, kí ni kò ní jẹ́ kí ìwé àwọn ará Ìbà bá ẹ̀rọ lọ lọ́jọ́ tí àwọn náà bá tà á? Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ kì í béèrè ẹni tó ni àkáǹtì tí wọ́n bá lórí rẹ̀. Oníṣẹ́ tó tò ó lè ti dá tirẹ̀ síbẹ̀, kí ó sì mọ ọ̀rọ̀ ìpamọ́ tí ẹni tó sanwó kò mọ̀. Ta ni yóò ra ilé, tí yóò jẹ́ kí ẹni tó tà á mú kọ́kọ́rọ́ kan lọ?

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé alákáǹtì-kan. Ọmọ mú fúláàṣì lọ sí ibi ìtẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì yunifásítì, fúláàṣì gbé fáírọ́ọ̀sì bọ̀. Ètò tó bá ṣí lórí kọ̀ǹpútà, àṣẹ ẹni tó ṣí i ló fi ń ṣiṣẹ́. Nínú àkáǹtì òǹlò lásán, bí ètò bá fẹ́ dé ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ, Windows á béèrè ọ̀rọ̀ ìpamọ́ alábòójútó, ọmọ kò sì mọ̀ ọ́n. Nínú àkáǹtì alábòójútó, ìbéèrè lásán ni, ọmọ tó fẹ́ ta géèmù á sì ti tẹ Yes kí ó tó kà á tán. Àbúrò tó ń wá àyè fún fíìmù pa fódà kan rẹ́. Iṣẹ́ àṣekágbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Buráúsà rántí ọ̀rọ̀ ìpamọ́ báńkì bàbá, ó rántí íméèlì tí ọmọ fi forúkọ sílẹ̀ fún JAMB, àwòrán ìwé NIN ìyá sì wà lójú ẹ̀rọ níbi tí àlejò lè rí i.

Ìgbà tí nǹkan bá wá bàjẹ́, ta ló ṣe é? Orúkọ kan náà ló wà lórí ohun gbogbo. Níbi tí ẹ̀rí kò bá sí, ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù ni wọ́n ń dá lẹ́bi: ọmọ ọ̀dọ̀, tàbí ọmọ ìbátan tí wọ́n mú wá láti abúlé. Ó ti lè jẹ ìyà ohun tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú pé ọmọ onílé gan-an ló jókòó sídìí ẹ̀rọ lálẹ́ àná. Ìṣọ̀kan tí wọ́n ń yìn nìyẹn.

Ìdáhùn kan náà ló tọ́ sí ìyá tó ní òun kò fẹ́ kí ọmọ ní àkáǹtì tirẹ̀, kí òun lè mọ ohun tó ń wò. Nínú àkáǹtì tí gbogbo ilé ń lò, kò lè mọ̀ ọ́n, nítorí ohun tí ọmọ wò ti dàpọ̀ mọ́ ohun tí bàbá wò. Ọmọ tó ní àkáǹtì tirẹ̀ ni wọ́n lè bi ní ìbéèrè, òun náà sì lè fi hàn pé òun kọ́.

Àwọn bàbá kan wà tí wọ́n gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, tí wọ́n sáré lọ fi ọ̀rọ̀ ìpamọ́ sí àkáǹtì kan ṣoṣo náà, tó wá di pé ìyàwó ní láti bẹ̀bẹ̀ kí ó tó lè kọ ìṣirò ọjà rẹ̀. Èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bàbá gan-an gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì òǹlò lásán, kí ó máa fi ka ìròyìn, kí ó máa fi wo owó rẹ̀ ní báńkì, kí ó sì máa wọ ti alábòójútó nígbà tí iṣẹ́ ìtọ́jú bá wà nìkan. Ibí ni ó ti máa ń dun àwọn ọkùnrin, orúkọ ọ̀gá náà ló sì fà á. Ọba kì í dé adé wọ ilé ìwẹ̀, wọn kò sì tìtorí ìyẹn sọ pé kì í ṣe ọba mọ́.

Iṣẹ́ náà kò le. Nínú Windows 11, àti nínú Windows 10 tí ìtọ́jú rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Microsoft dópin ní oṣù kẹwàá 2025 ṣùgbọ́n tó ṣì wà lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, inú Settings ni Accounts wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi òǹlò kún òǹlò. Ẹ̀rọ á béèrè íméèlì. Ẹni tí kò bá fẹ́ fi íméèlì sí i lè yan àkáǹtì tí kò so mọ́ Microsoft. Ìtòtẹ̀léra ló ṣe pàtàkì. Àkáǹtì alábòójútó tuntun ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá, kí wọ́n fún un ní ọ̀rọ̀ ìpamọ́, kí wọ́n wọ inú rẹ̀ láti rí i pé ó ṣí. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n sọ àkáǹtì àtijọ́ di Standard User, ìyẹn òǹlò lásán, kí wọ́n sì dá ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àwọn tó kù. Ìwé tó wà nínú ti àtijọ́ kò ní sọnù. Kí olúkúlùkù kó tirẹ̀ gba inú fódà Public lọ sí àyè tuntun rẹ̀. Fódà náà ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀rọ, gbogbo àkáǹtì ló ń rí i, ibẹ̀ sì ni àwòrán ìgbéyàwó àti orin ìjọ yẹ kó wà.

Èyí kò dí gbogbo ihò. Fáírọ́ọ̀sì ṣì lè ba ìwé ẹni tó ṣí i jẹ́, alábòójútó ṣì lè wọ fódà gbogbo ènìyàn bí ó bá fẹ́. Òfin pàápàá kò dé ibẹ̀: òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni àdáni tí Nàìjíríà ṣe ní oṣù kẹfà 2023 yọ ohun tí ènìyàn ń ṣe fún ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ nìkan sílẹ̀. Nítorí náà ọwọ́ àwọn ará ilé ló kù sí, ó sì kan ẹni tí wọ́n fi ṣe alábòójútó ju ẹnikẹ́ni lọ.

Kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìpamọ́ alábòójútó sórí bébà, kí wọ́n fi í sí ibi tí ìwé ilẹ̀ wà, kí àgbàlagbà méjì nínú ilé sì mọ ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ló mọ ẹ̀rọ jù, kí ó ṣe iṣẹ́ náà lójú wọn, kí ó sì fi bébà lé wọn lọ́wọ́. Àwọn kan á ní kò yẹ kí ìyàwó mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Wọ́n á máa sọ ọ́ títí di alẹ́ tí ọkọ wà ní ìrìn àjò, tí fóònù rẹ̀ kò lọ, tí ẹ̀rọ sì ń béèrè ọ̀rọ̀ ìpamọ́ lọ́wọ́ ọmọ tí ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò rẹ̀ yóò parí láàárọ̀.