SỌ̀WÉDOWÓ TÍ KÒ LÓWÓ NÍNÚ: TA NI ÒFIN Ń GBÈJÀ?



Kọ̀ngílá á gba iṣẹ́ ìjọba, á lọ sí ìsọ̀ ìyá onísìmẹ́ńtì, á kó igba àpò, á fa bírò yọ, á kọ sọ̀wédowó. Ọjọ́ tí ìyá gbé ìwé náà dé báńkì, wọ́n dá a padà fún un. Ó ti bọ́ǹsì! Kọ̀ngílá ti ra mọ́tò, ìyá sì wá di onígbèsè lọ́dọ̀ ẹni tó já ọjà fún un.

Àwọn tó wà lórí àlééfà á ní òfin wà. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà. Ìjọba ológun Ọbásanjọ́ ló ṣe é ní 1977. Ẹni tó bá fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ gba ọjà tàbí san gbèsè, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni, kò sí pé ó ń sanwó ìtanràn. Ó dáa. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì ló kọ ọ́ ńkọ́? Ìtanràn tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ₦5,000! Owó gidi ni ₦5,000 ní 1977. Lónìí, kò ra àpò sìmẹ́ńtì kan. Ṣé ẹ rí ìdí tó fi jẹ́ orúkọ kọ́ńpìnnì ló máa ń wà lórí ìwé wọn? Òfin ní a lè mú ọ̀gá tó lọ́wọ́ sí i, àmọ́ ta ló fẹ́ wá ẹ̀rí ọ̀hún kiri nítorí ìyá onísìmẹ́ńtì?

Pàkúté kan tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Kí òfin yìí tó lè mú ènìyàn, ẹ gbọ́dọ̀ ti gbé sọ̀wédowó náà dé báńkì kí oṣù mẹ́ta tó pé sí déètì ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bẹ̀ yín: “Ìyá mi, ẹ má tíì gbé e lọ, ẹ jẹ́ kí ìjọba sanwó fún mi ná.” Oṣù kan, oṣù méjì, ó di ìkẹrin. Ọ̀ràn ti kúrò lọ́rùn rẹ̀ nìyẹn, ó wá ku gbèsè nìkan. Ẹ má gba ẹ̀bẹ̀ yẹn o! Ẹ gbé e lọ. Bí wọ́n bá dá a padà, ẹ ní kí báńkì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kedere. Ẹ tọ́jú ìwé náà, ẹ má dá a padà fún un torí pé ó ṣèlérí.

Ilé-ẹjọ́ gíga ló ń gbọ́ irú ọ̀ràn yìí. Kí wọ́n tó dájọ́, ìsọ̀ á ti ṣófo. Bí wọ́n bá sì jù ú sẹ́wọ̀n, ṣé ẹ̀wọ̀n ló máa bá ìyá ra ọjà mìíràn?

Ní Èkó, láti 2018, kóòtù gbèsè kékeré wà. Gbèsè tí kò bá ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, ẹ ó kọ́kọ́ fi ìwé béèrè owó yín. Tí kò bá san án, ẹ lè dá ro ẹjọ́ yín láìgba lọ́yà, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n sì fi sí i pé kó parí. Kí ló dé tí irú rẹ̀ kò tíì dé gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá? Owó ọkọ̀ bọ̀gìnnì wà, owó kóòtù kò sí!

Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń bèèrè nìyí: kóòtù bẹ́ẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ngílá tí sọ̀wédowó rẹ̀ bá bọ́ǹsì lọ́wọ́ ọlọ́jà, kò gbọdọ̀ rí iṣẹ́ ìjọba mìíràn gbà àfi tó bá san gbèsè tán. Àwọn aṣòfin l’Ábújá sì gbọ́dọ̀ gbé ₦5,000 yẹn kúrò níbi tí ológun fi í sí.

Nígbà tí wọ́n bá gbé ìrẹsì wá sí àdúgbò yín kí ìbò tó dé, ẹ bi wọ́n: kọ̀ngílá wo lẹ gbé iṣẹ́ ọ̀nà wa fún, ta ló sì jẹ ní gbèsè?