Abẹ Tó Yẹ Igi, Ọ̀rọ̀ Tó Yẹ Abẹ

 Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Gbẹ́nugbẹ́nu ni èmi, nítorí iṣẹ́ ẹnu ni iṣẹ́ olùkọ́. Ṣùgbọ́n lónìí, mo fẹ́ kí á jọ yà sí ìsọ̀ káfíńtà, nítorí ohun kan tí mo rí ní Ejìnrìn kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ẹni tó mọ ìtàn mọ̀ pé Ejìnrìn kì í ṣe ìlú yẹpẹrẹ. Ní ọ̀rúndún 19, ọjà etí ọ̀sà rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọjà ńlá tí àwọn Ìjẹ̀bú àti àwọn ará Èkó ti ń pàdé. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó ọjà wá, òun náà ló ń kó o lọ. Lónìí, ìlú náà wà lábẹ́ ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Ìkosì-Ejìnrìn ní ẹkùn Ẹ̀pẹ́. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan náà yìí ni Agbowa wà, níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ya ibùdó tí wọ́n ń pè ní Timberville sọ́tọ̀ fún àwọn onípákó Oko Baba ti Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta. Ìyẹn ni pé pákó àti ẹ̀rọ ni wọ́n ń fẹ́ kó wá sí àdúgbò náà. Ìbéèrè tèmi ni pé: ṣé ìmọ̀ yóò bá wọn wá? Èdè wo ni yóò sì máa fọ̀?

Ohun tí mo rí nìyí. Ọ̀gá káfíńtà kan, àgbàlagbà tí ó ju mí lọ dáadáa, ra ẹ̀rọ ayùn kékeré tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní scroll saw. Abẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó máa ń lọ sókè-sódò nínú ẹ̀rọ náà. Igi ni a ó máa fi ọwọ́ yí, kí abẹ lè tọ ojú ilà tí a fà. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń fi gé lẹ́tà orúkọ sára pákó ìrókò tí ó nípọn tó ínṣì kan. Abẹ já. Ó fi òmíràn sí i, ìyẹn náà já. Nígbà tí ẹ̀kẹta já, ọ̀gá ké mọ́ ọn pé ọwọ́ rẹ̀ ti le jù. Mo wo páálí abẹ náà: nọ́ńbà 1 ni. Abẹ tí ó yẹ pákó tín-ín-rín ni wọ́n fi ń bá ìrókò jà! Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ohun tí ó wà lára páálí náà, ọmọ náà kò sì mọ ohun tí nọ́ńbà ń wí. Ọwọ́ rẹ̀ kò le. Ẹnì kan ni kò sọ̀rọ̀ fún un.

Èmi náà ní irú ẹ̀rọ yìí nílé, iṣẹ́ ìgbafẹ́ mi ni, mo sì ti fi owó ara mi kọ́gbọ́n. Lójú tèmi, ìbéèrè mẹ́rin ló yẹ kí á bi ara wa kí á tó ra abẹ.

Èkínní, báwo ni igi ṣe nípọn tó? Òfin àtijọ́ kan wà láàrin àwọn oníṣẹ́ igi: ó kéré tán, kí eyín mẹ́ta máa wà nínú igi lẹ́ẹ̀kan náà. Igi tín-ín-rín, bíi pílíwúùdù, ń fẹ́ abẹ eléyín wẹ́wẹ́ tí ó sún mọ́ra. Igi tó nípọn ń fẹ́ eyín ńlá tí ó jìnnà síra, kí ìyẹ̀fun igi lè rí ọ̀nà jáde. Bí kò bá rí ọ̀nà, abẹ yóò gbóná, igi yóò sì jóná. Bí nọ́ńbà abẹ bá ṣe ń ga sí i ni abẹ ń nípọn sí i. Nọ́ńbà 5 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ lórí igi líle tó nípọn tó mìlímítà 19. Bí igi bá ju ínṣì kan lọ, nọ́ńbà 7 tàbí 9 ló yẹ.

Èkejì, irú igi wo ni? Arère rọ̀, àfàrà náà kò le púpọ̀. Ìrókò ní tirẹ̀ le, ó sì máa ń ní èròjà calcium carbonate tí ó dì bí òkúta nínú, èyí tí ń ba eyín ayùn jẹ́. Ìyẹ̀fun rẹ̀ tún máa ń yọ awọ ara àti ọ̀nà ọ̀fun lẹ́nu, nítorí náà ẹ bo imú.

Ẹ̀kẹta, báwo ni igun ilà náà ṣe há tó? Abẹ fífẹ̀ kò lè yí ní kọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tó kún fún kọ́lọkọ̀lọ ń fẹ́ abẹ tẹ́ẹ́rẹ́, kódà bí iṣẹ́ náà yóò bá tilẹ̀ pẹ́.

Ẹ̀kẹrin, ṣé ẹ̀yìn igi yóò hàn síta? Ọ̀gánwó, tí iṣan rẹ̀ lọ́ mọ́ra, a máa ya ní ẹ̀yìn bí abẹ bá ti ń já jáde. Abẹ kan wà tí eyín díẹ̀ ní ìdí rẹ̀ kọjú sókè, nígbà tí àwọn yòókù kọjú sílẹ̀. Irú rẹ̀ ni ó ń mú kí ẹ̀yìn igi dán.

Bí a bá ti yan abẹ tán, ẹ fà á kí ó le, kí ẹ sì fi ìka ta á bí ọsán gángan. Bí ó bá fọ ohùn òkè, ó ti tó iṣẹ́. Bí ó bá ń fọ ohùn ìsàlẹ̀, ó dẹ̀, yóò sì yà kúrò lójú ilà. Ta ni ọmọ Yorùbá tí kò ní gbọ́ ìyẹn yé?

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún ọmọ iṣẹ́ náà ní Yorùbá. Nígbà tí mo fi abẹ kan tí àlàfo wà láàrin eyín rẹ̀ han ọ̀gá, ó gbà á, ó gbé e sójú oòrùn, ó bú sẹ́rìn-ín: "Tíṣà, èyí mà léjìí o!" Láti ìgbà náà, abẹ eléjìí ni wọ́n ń pè é ní ìsọ̀ náà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ tí mo ṣẹ̀dá rí tí ó dára tó ìyẹn.

Àwọn kan máa ń sọ pé èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ fún irú iṣẹ́ báyìí. Irọ́ ni. Bàbá Kevin Carroll, àlùfáà tí ó wà nídìí ibi iṣẹ́ ọnà Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 1947, kọ orúkọ ìpele iṣẹ́ tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ń lò sílẹ̀: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Ibẹ̀ ni olóògbé Lámídì Fákẹ́yẹ, tí ó wá kọ́ni ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ti kọ́ṣẹ́. Ẹ kíyè sí i pé irinṣẹ́ tí a fi ń lé ọnà kọ́ ni a fi ń fín in. Yíyan irinṣẹ́ fún iṣẹ́ ti wà nínú èdè náà kí iná mànàmáná tó dé.

Àwọn mìíràn á ní ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣẹ̀dá kì í kúrò nínú ìwé. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ńlá tí Bámgbóṣé àti Awóbùlúyì ṣe lórí èdè-ìperí Yorùbá; wọ́n fún àwa olùkọ́ ní ohun tí a fi ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n ti káfíńtà yàtọ̀. Kí a má jókòó sí ọ́fíìsì pín ọ̀rọ̀ fún un. Kí a gbé irinṣẹ́ sí i lọ́wọ́, kí a ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀, kí a sì gbọ́ ohun tí yóò pè é.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń wá àkọlé fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, ẹ gba ọ̀nà ìsọ̀ lọ. Ẹ lọ sí Ejìnrìn, ẹ lọ sí Agbowa, kí ẹ mú ìwé àti bírò dání. Ẹ̀rọ tí ó dé láìsí ọ̀rọ̀, abẹ ni yóò máa já, ọmọ iṣẹ́ ni wọn yóò sì máa bú.