Bí Ọkọ̀ Òṣùpá Bá Dọ̀pọ̀, Ta Ni Oníbodè?

Nígbà tí Andy Weir, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, gbé ìwé Artemis jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, ojú The Martian ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé fi wò ó. The Martian ti di fíìmù ní 2015, Matt Damon ló sì ṣe ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí Máàsì nínú rẹ̀. Adùn kan náà ni wọ́n ń retí, àríyànjiyàn ni wọ́n bá pàdé. Àwọn òǹkàwé dìbò fún Artemis nínú ìdíje Goodreads gẹ́gẹ́ bí ìwé àròsọ sáyẹ́ǹsì tó ta yọ jù lọ́dún náà. Àwọn mìíràn ní àwọn kò lè kà á parí.

Artemis ni ìlú kan ṣoṣo tó wà lórí òṣùpá nínú ìtàn náà, nǹkan bíi 2,000 ènìyàn ló sì ń gbé ibẹ̀. Jasmine Bashara, tí wọ́n ń pè ní Jazz, jẹ́ ọmọ Saudi Arabia. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí bàbá rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà, mú un débẹ̀. Alábàárù ni Jazz ní gbangba, onífàyàwọ́ sì ni lábẹ́lẹ̀. Olówó kan bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ pé kó lọ ba ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tó ń yọ alumíníọ́ọ̀mù nínú òkúta òṣùpá jẹ́, wàhálà sì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀sùn tó wọ́pọ̀ jù dá lórí ẹnu Jazz. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìtàn náà, ṣùgbọ́n àwàdà tó ń ṣe, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀, jọ ti ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu irùngbọ̀n ju ti obìnrin tó ti lé lógún ọdún lọ. Ẹ̀sùn yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kò burú kí ọkùnrin fi ohùn obìnrin sọ ìtàn, bí ó bá ti lè gbọ́ ohùn náà yékéyéké. Ohùn ẹ̀rọ ni etí Weir mú sí ju ohùn Jazz lọ. Ẹ̀sùn kejì ni pé àlàyé àti ìṣirò pọ̀ jù: bí wọ́n ṣe ń jó irin pọ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, bí ọ́síjìn ṣe ń bá alumíníọ́ọ̀mù jáde, iye tí wọ́n ń ta èyí, iye tí wọ́n ń gbé tọ̀hún. Èyí ni kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá, nítorí ìṣirò náà gan-an ni ẹ̀mí ìwé yìí.

Weir ti ṣírò owó ọkọ̀ kó tó kọ ìtàn. Ó wo àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù tó ń gbé èrò káàkiri ayé, ó sì rí i pé ìpín kan wà nínú owó tó ń wọlé fún wọn tó máa ń bá epo lọ. Ó wá béèrè pé, bí ìdíje bá sọ iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì di òwò tó gbó bíi ti bàálù, tí epo sì ń gba irú ìpín kan náà nínú owó rẹ̀, èló ni arìnrìn-àjò afẹ́ yóò san kó tó dé òṣùpá? Iye tó bọ́ sí i lọ́wọ́ jẹ́ nǹkan bíi 70,000 dọ́là.

Àlá ọ̀sán gangan kọ́ nìyẹn. Ní 2001, ìròyìn sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 dọ́là ni Dennis Tito, ará Amẹ́ríkà, san fún àwọn ará Rọ́ṣíà kó tó lo ọjọ́ díẹ̀ ní ibùdó òfurufú. Epo kọ́ ló ń jẹ owó náà. Rọ́kẹ́ẹ̀tì olówó iyebíye ni wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan péré, tí yóò sì ṣòfò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ SpaceX mú ìsàlẹ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9 padà wá gúnlẹ̀ lóòró. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, wọ́n tún yin èyí tó ti fò rí. Kí ọdún náà tó parí, Artemis ti wà lórí àtẹ. Òǹkàwé tó bá fo ojú ewé ìṣirò ti fo ohun tó mú kí ìlú náà wà.

Owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀ fi èyí hàn. Slug ni wọ́n ń pè é, slug kan sì ni owó tí wọ́n ń gbà láti gbé gíráàmù ẹrù kan láti ayé gúnlẹ̀ sórí òṣùpá. Owó ọkọ̀ ti di owó ìlú. Àlejò tó wá wo ibi tí Apollo 11 balẹ̀ sí ní 1969 ń sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì. Jazz tó ń gbé ẹrù kiri ń sùn nínú ihò kan nísàlẹ̀ ìlú tí kò fẹ̀ ju pósí lọ, balùwẹ̀ àjọlò ló sì ń wẹ̀. Ọkọ̀ ti dọ̀pọ̀ tó láti gbé e dé òṣùpá. Kò sọ ọ́ di onílé níbẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù. Ní Artemis, ẹni tó ni ọ̀nà ló ni ẹrù.

Ta ló wá ni ọ̀nà? Kenya Space Corporation, KSC. Nínú ìtàn náà, Fidelis Ngugi, tó ti ṣe mínísítà ètò ìnáwó Kenya rí, ló rí i pé orílẹ̀-èdè òun ní ohun méjì tó lè fi fa àwọn ilé-iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ra: ìlà agbedeméjì ayé gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá, ó sì lè dín ìdíwọ́ òfin kù fún wọn. Obìnrin yìí ló di alákòóso Artemis, KSC sì ni àwọn ará ìlú ń san owó ilẹ̀ fún. Ngugi ni oníbodè, òun náà sì ni ẹ̀dá tó jinlẹ̀ jù nínú ìwé náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ewé tó kàn án kò pọ̀.

Ó wu òǹkàwé Áfíríkà kó yọ̀ pé Kenya ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ òṣùpá. Ṣùgbọ́n Kenya ti gbàlejò rọ́kẹ́ẹ̀tì rí. Láti 1967 dé 1988, àwọn ará Ítálì ń yin rọ́kẹ́ẹ̀tì Scout, iṣẹ́ ọwọ́ Amẹ́ríkà, láti orí pèpéle San Marco nínú òkun lẹ́bàá Malindi. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1970, tó jẹ́ àyájọ́ òmìnira Kenya, sátẹ́láìtì Uhuru gbéra níbẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe torí àtimáa wo ìtànṣán X láti ojú ọ̀run nìkan. Orúkọ rẹ̀ bu ọlá fún Kenya, òkun Kenya ló ti gbéra. Amẹ́ríkà ló ni sátẹ́láìtì náà, Ítálì ló yìn ín.

Ìlà agbedeméjì ayé pàápàá kò lè dá nǹkan ńlá ṣe. Nítorí pé ayé ń yí, ohun tí wọ́n bá yìn láti orí ìlà náà ti ń jẹ èrè nǹkan bíi mítà 465 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Cape Canaveral ní Florida, èrè náà jẹ́ bíi mítà 408. Ìyàtọ̀ wọn kò pé 60, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tó bá fẹ́ máa yí ayé po nítòsí gbọ́dọ̀ sáré tó nǹkan bíi mítà 7,800. Sátẹ́láìtì tó ń lọ dúró sójú kan lókè ìlà náà ń jèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ìlú tí ibi tó wà nìkan sọ di ọlọ́kọ̀.

Àkúrẹ́ lè jẹ́rìí sí i. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017 kan náà, Nigeria EduSat-1, sátẹ́láìtì tí Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́ bá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ Kyushu ní Japan ṣe, gba òfurufú lọ. Kò tóbi ju àpótí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Àkúrẹ́ sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé ju Florida lọ fíìfíì, síbẹ̀ Florida ni EduSat-1 ti gbéra, láàárín ẹrù tí Falcon 9 ń gbé lọ sí ibùdó òfurufú. Oore ńlá ni pé irú àyè bẹ́ẹ̀ ti wà fún yunifásítì. Ṣùgbọ́n èrò ni Àkúrẹ́ nínú ìrìn àjò yẹn, kì í ṣe ọlọ́kọ̀.

Àwọn kan yóò ní ìwé ìgbádùn ni Artemis, pé ìtàn jàǹdùkú lórí òṣùpá kò béèrè irú ẹjọ́ báyìí. Inú ọ̀rọ̀ oníbodè gan-an ni ìgbádùn náà ti ń wá. Nítorí pé ilé-iṣẹ́ alumíníọ́ọ̀mù ń gba iná mànàmáná lọ́fẹ̀ẹ́ bó bá ti ń fún ìlú ní ọ́síjìn ni olówó náà ṣe fẹ́ já àdéhùn gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn mìíràn yóò ní kí owó ọkọ̀ kọ́kọ́ wálẹ̀ ná, kí ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ín tẹ̀lé e. Robert Heinlein, òǹkọ̀wé àròsọ sáyẹ́ǹsì, ti dá wọn lóhùn ní 1950. Nínú The Man Who Sold the Moon, oníṣòwò D. D. Harriman wá àwọn orílẹ̀-èdè tí òṣùpá ń gba òkè wọn kọjá, ó gba ẹ̀tọ́ wọn lórí òṣùpá, ọkọ̀ rẹ̀ kò sì tíì gbéra. Lóòótọ́, àdéhùn àgbáyé ọdún 1967 kò gbà kí orílẹ̀-èdè kankan sọ òṣùpá di tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ pé ọlọ́kọ̀ kò lè bu iye tó bá wù ú.

Ẹ̀rí tó lágbára jù wà nínú Artemis fúnra rẹ̀, nínú lẹ́tà tí òǹkàwé máa ń sáré kà kọjá. Kelvin, ọmọ Kenya tó ń bá Jazz kọ̀wé síra láti kékeré, rí iṣẹ́ dídi ẹrù sínú rọ́kẹ́ẹ̀tì ní KSC. Nígbà tí bùkátà ìdílé rẹ̀ wúwo, fàyàwọ́ tí òun àti Jazz dà pọ̀ ṣe ló gbà á là. Orílẹ̀-èdè tó ni ibodè òṣùpá nìyẹn, ọmọ rẹ̀ sì ń fi fàyàwọ́ bọ́ ilé.

Kí àwọn tó fi ẹ̀sùn kan ohùn Jazz dúró lórí ọ̀rọ̀ wọn, wọ́n jàre. Àwọn tó ní ìṣirò ti pọ̀ jù ló yẹ kó tún ìwé náà kà. Owó ọkọ̀ tó wálẹ̀ ń sọ iye èrò tó lè gòkè. Oníbodè ló ń pinnu ohun tí èrò náà yóò jẹ́ tó bá gúnlẹ̀, yálà àlejò, onílé tàbí alábàárù. Ìwé yòówù tó bá ń ṣèlérí òṣùpá fún mẹ̀kúnnù, ìdáhùn rẹ̀ sí èyí ni kí òǹkàwé kọ́kọ́ fi wọ̀n ọ́n.