Ta Ló Jẹ Gbèsè Brain Box?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kò dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n bí a bá dákẹ́, tara ẹni a máa bá ni dákẹ́.

Ó ti di àṣà ní àwọn ibùdó ọkọ̀ wa pé bí ọkọ̀ bá ti kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, ohun àkọ́kọ́ tí a óò gbọ́ ni pé, “Brain box ti lọ.” Ohun kejì ni pé, “Ta ló wà nídìí ọkọ̀ náà?” Ohun kẹta ni ìwé láti ọ́fíìsì pé wọn yóò máa yọ owó díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù dẹ́rẹ́bà. A kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọ̀gá wọ̀nyí bèèrè èyí tó yẹ kó ṣáájú: ta ló yẹ brain box náà wò, kí ló sì fi yẹ̀ ẹ́ wò?

A ó sọ ọ̀kan tó ṣojú wa ní 2024. A kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn mọ ara wọn. Bọ́ọ̀sì elérò méjìdínlógún kan kú sójú ọ̀nà nítòsí Ìbàfò nígbà òjò. Ẹni tó wà á ti wa ọkọ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ wálé, wọ́n ki ẹ̀rọ skánà bọ̀ ọ́, ọkọ̀ kò dá skánà lóhùn rárá. Ọ̀gbẹ́ni ríwáyà tí máníjà pè láti ìta kò lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ tó fi ní brain box ti jóná. Wọ́n ra tòkunbọ̀, wọ́n fi sí i, ọkọ̀ kò dáhùn. Wọ́n ní tòkunbọ̀ náà kò dára, wọ́n tún ra òmíràn. Ìyẹn pẹ̀lú kò dáhùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ̀wé sí ẹlẹgbẹ́ wa pé òun ló wa ọkọ̀ wọnú omi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ ₦25,000 lóṣooṣù nínú owó rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ló ń bọ́.

Ní oṣù kẹta, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú àwọn ríwáyà wa, tí kò tíì pẹ́ tó gba fíríìdọ̀mù, mú mítà tirẹ̀ wá láti ilé. Ó ní kí wọ́n fún òun ní wákàtí kan. Ohun tó wá náà rèé: brain box máa ń fi iná fọ́ọ̀tì 5 ránṣẹ́ sí àwọn sẹ́ńsọ̀ mélòó kan, èyí tó wà lára tọ́rọ́tù, èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì, àti lórí bọ́ọ̀sì yìí, èyí tó ń wọn gáàsì amúlétutù. Gbogbo wọn pín ojú iná kan náà. Ó wọn ọ́n, òfo ló bá níbi tó yẹ kí 5 wà. Kò pariwo pé brain box ti kú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí yọ àwọn sẹ́ńsọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yọ ti tọ́rọ́tù, òfo. Ó yọ ti afẹ́fẹ́, òfo. Nígbà tó yọ ti amúlétutù níwájú rédíétọ̀, fọ́ọ̀tì 5 padà dé wàràwàrà. Wáyà sẹ́ńsọ̀ náà ti ń gbo ara mọ́ irin kan, ara rẹ̀ ti bó, ihòòhò wáyà sì fara kan bọ́dì ọkọ̀. Ibi tó bó kò gùn ju ìka ọmọ ọwọ́ lọ. Amúlétutù yẹn fúnra rẹ̀ ti tó ọdún méjì tí kò ti tutù. Dẹ́rẹ́bà ti kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Wọ́n dá brain box ti àtijọ́ padà sáyè rẹ̀, èyí tí wọ́n ti sọ pé ó jóná. Ọkọ̀ já lẹ́ẹ̀kan náà, skánà sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ará, ₦75,000 ti jáde lọ́wọ́ ẹni tí kò ṣẹ̀.

Àwọn kan yóò ní, “Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé brain box kì í bàjẹ́ ni?” Ó máa ń bàjẹ́ dáadáa. Kọ̀ǹpútà ni, kì í ṣe òrìṣà. A ti ṣí èyí tí omi wọ̀ tí ìpáta aláwọ̀ ewé ti bo ojú rẹ̀. A ti rí èyí tí jíjì ojú ọ̀nà àti ooru ẹ́ńjìnnì ti fọ́ òjé tí wọ́n fi lẹ àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ á kú bó bá gbóná, á jí bó bá tutù. Nínú àwọn ọkọ̀ ayé 1990 sí 1999, àwọn agolo kékeré inú rẹ̀ tí ń tọ́jú iná máa ń jò, omi inú wọn á sì jẹ ojú ọ̀nà iná. Ẹni bá fi imú sún mọ́ ọn yóò gbóòórùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a tó ṣí i, ó ní ohun tí à ń wò. A kọ́kọ́ ń wo bátìrì: bí ọkọ̀ bá sinmi, bátìrì tó yó máa ń fi nǹkan bíi fọ́ọ̀tì 12.6 hàn. Lẹ́yìn náà à ń wò ó bóyá iná yẹn dé ẹnu brain box nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní títàn, tí fíùsì àti rilé pé. Mítà nìkan kò tó fún èyí o. Wáyà tó ku fọ́nrán kan ṣoṣo yóò fi 12 han mítà, ṣùgbọ́n bí a bá so gílóòbù mọ́ ọn, kò ní lè tàn án. Gílóòbù iná iwájú tó ti gbó, tí à ń jù sórí ààtàn, ni ẹ̀rọ àyẹ̀wò tó dára jù lọ tí a ní. Wáyà ẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò dá. Bí a bá fi apá kan mítà sí orí òdì bátìrì, tí a fi apá kejì sí wáyà ẹ́ẹ̀tì lẹ́nu brain box, tí a wá ń sítáàtì ẹ́ńjìnnì, ohun tí a bá rí kò yẹ kó ju ìdá kan nínú mẹ́wàá fọ́ọ̀tì lọ. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìpáta àti bọ́ọ̀tì tó ti dẹ̀ ni kí ẹ lọ bá jà.

Bí skánà kò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ yọ orí bátìrì, kí ẹ wọn ẹsẹ̀ 6 àti 14 lára sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ 16 nínú àwọn ọkọ̀ tó ń lo ọ̀nà CAN níbẹ̀. Óòmù 60 ló yẹ kí ó jẹ́, nítorí ẹyọ 120 méjì ló wà ní ìkángun méjèèjì. Bó bá fi 120 hàn, ìkángun kan ti já. Bó bá súnmọ́ òfo, wáyà méjì ti pàdé.

Nǹkan wọ̀nyí kò ju iṣẹ́ wákàtí kan lọ. Ìgbà tí gbogbo wọn bá pé, tí a ti yọ gbogbo sẹ́ńsọ̀ tán, tí wáyà wọn pé, tí fọ́ọ̀tì 5 kò sì padà, ìgbà náà ni a tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé inú brain box ni àìsàn wà. Bákan náà ni bí nọ́súlù kan kò bá gba àṣẹ, tí wáyà rẹ̀ pé, tí nọ́súlù náà sì dára. Nọ́ńbà P0606 tí skánà bá gbé jáde ń tọ́ka sí ọpọlọ inú rẹ̀, P0601 sì ń tọ́ka sí ibi ìrántí rẹ̀. Síbẹ̀ bátìrì tí kò lágbára lè gbé irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ jáde, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì rèé, kí ènìyàn ṣáà yọ orí bátìrì lásán ti tó láti mú P0603 wá.

Ẹ jẹ́ ká wá bèèrè ta ló ń pa àwọn tó kú ní tòótọ́. Kọ́ìlì púlọ́ọ̀gì tó ti jóná nínú máa ń fa iná ju agbára lọ títí yóò fi sun tíránsítọ̀ tó ń darí rẹ̀. Bí a kò bá pààrọ̀ kọ́ìlì, brain box tuntun yóò tún jóná. Ta ló kọ̀ láti ra kọ́ìlì? Ajórin tí wọ́n pè kó wá jó ọ̀pá sáílẹ́ńsà láìyọ orí bátìrì, ta ló pè é? Ta ló pàṣẹ pé kí a máa fi páìpù omi fọ ẹ́ńjìnnì ní gbogbo ọjọ́ Sátidé kó lè dán lójú oníbàárà? Kì í ṣe dẹ́rẹ́bà.

Kí á sì sọ tiwa náà, nítorí ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Nínú àwa mẹkáníìkì àti ríwáyà, àwọn kan wà tó ń yára sọ pé “brain box ni” torí pé oníṣòwò pààtì yóò fún wọn ní nǹkan. Àwọn mìíràn kò gba ohunkóhun, wọn kàn ń tijú láti sọ pé àwọn kò mọ̀ ọ́n. Ẹnu méjèèjì yìí ló ń fi owó oṣù ẹlẹgbẹ́ wọn ṣòfò. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kó bèèrè lọ́wọ́ ọmọdékùnrin tó ní mítà. Irun wa ti ń funfun, a sì bèèrè.

Òfin Iṣẹ́ ti 1974 kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Abala karùn-ún rẹ̀ sọ pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó ìtanràn nínú owó iṣẹ́. Bó bá jẹ́ àdánù tí òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ fà, tàbí èyí tí àìbìkítà rẹ̀ fà, ó gbọdọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda tí a kọ sílẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí a yàn fún ọ̀ràn iṣẹ́, iye tí yóò yọ sì gbọdọ̀ mọ níwọ̀n. Ìyọ̀ǹda máníjà kọ́ ni òfin wí. Nígbà tí a bèèrè ìwé ìyọ̀ǹda yẹn lórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì Ìbàfò, akọ̀wé ọ́fíìsì ń wo òkè àjà. Wọ́n dá ₦75,000 náà padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọn kò bẹ̀bẹ̀.

Ohun tí ẹ̀ka wa ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn agbanisíṣẹ́ kò pọ̀: mítà àti skánà tó pé ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, ìwé àwòrán wáyà fún irú ọkọ̀ tí wọ́n bá rà, àti àyè fún àwọn ríwáyà wa láti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ láìyọ owó ọjọ́ wọn. Kí a má sì ṣe ra brain box kankan láìsí ìwé àyẹ̀wò tí mẹkáníìkì àti aṣojú òṣìṣẹ́ jọ fọwọ́ sí. Owó tí wọ́n fi ra tòkunbọ̀ méjì tí kò wúlò nínú ọ̀ràn bọ́ọ̀sì yẹn ìbá ra mítà fún gbogbo wa, kí ó sì ṣẹ́kù.

Ẹnikẹ́ni tí wọ́n ń yọ owó rẹ̀ lọ́wọ́ báyìí nítorí brain box, kó mú ìwé owó oṣù rẹ̀ àti lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i wá sí ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀. Bí brain box tí wọ́n ní ó bàjẹ́ bá ṣì wà ní stóò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á.