Ọtí Àlejò Kì Í Ṣe Ohun Títu Dànù

Nílé, ẹni tí wọ́n bá fún lẹ́mu lábẹ́ ọ̀pẹ, tó wá tu ú sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́mu, ti wá ìjà. Ẹlẹ́mu á bi í bóyá májèlé ló rò pé ó wà nínú rẹ̀. Ṣebí torí irú èyí lòun fi kọ́kọ́ mu nínú igbá kí òun tó gbé e fún oníbàárà. Ẹmu tó bá kan ilẹ̀, àwọn tó ti lọ la ta á fún, wọn kì í sì í mu èyí tó ti ẹnu ẹlòmíì jáde.

Ẹ ò wá ní bi mí ìdí tí inú fi bí mi ní Saint-Émilion, ìlú oníwáìnì kan nílẹ̀ Faransé. Èmi àti Ìyá Tọ́pẹ́ wọkọ̀ ojú irin láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Paris lóṣù Keje, a wá wọ TGV, ọkọ̀ ojú irin ayárabíàṣá wọn, ní Montparnasse. Láti ọdún 2017 tí wọ́n ti ṣí ojú irin tuntun, bíi wákàtí méjì ni Paris sí Bordeaux. (Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tí ọ̀nà rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìyẹn, ń lò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.) Ọkọ̀ kékeré kan ló gbé wa láti Bordeaux, ó já wa sẹ́bàá oko àjàrà, a sì fẹsẹ̀ rìn wọ ìlú. Àjàrà ò tíì pọ́n; ó di oṣù Kẹsàn-án kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a.

Ọmọbìnrin tó gbà wá lálejò ní yàrá ìtọ́wò da wáìnì díẹ̀ sínú ife ńlá. Ó dẹ ife náà sórí bébà funfun ká lè rí àwọ̀ rẹ̀, ó fì í, ó ki imú bọ̀ ọ́, ó wá fà á sẹ́nu tariwotariwo bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ gbígbóná wò. Àfi pìà! Ó ti tu ú sínú korobá irin, ẹ̀kán kan ò sì ta sí i láṣọ. Ó ní kí àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ti Ìyá Tọ́pẹ́ dà sórí bùláòsì funfun rẹ̀. Èmi gbé tèmi mì.

"Bàbá Tọ́pẹ́, wọ́n ní ká tu ú o."

Mo ní kì í ṣe korobá ni mo sanwó fún.

Nígbà tó yá, ẹnu mi ò mọ ìyàtọ̀ mọ́. Ọmọbìnrin yẹn ṣì ń sọ èyí tó wá látorí òkè olókùúta ẹfun àti èyí tó wá láti ilẹ̀ oníyanrìn nísàlẹ̀, èyí tí Merlot pọ̀ nínú rẹ̀ àti èyí tí Cabernet Franc ń ràn lọ́wọ́. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Bó bá ń gbé gbogbo rẹ̀ mì látàárọ̀, ta ni yóò mọ àgbá tó yẹ kí wọ́n tà àti èyí tó yẹ kó ṣì sùn?

Adẹ́mu àtijọ́ náà mọ ọ̀pẹ tó dá ẹmu rẹ̀. Ó mọ̀ pé tàárọ̀ dùn, tìrọ̀lẹ́ le, tàná sì ti kan. Lónìí, inú ike ni wọ́n ń rọ ọ́ sí lẹ́bàá títì, wọ́n ti bu omi là á, wọ́n ti fi sákárìn sí i, a ṣì ń gbé e mì, a ń pòṣé adùn. A kì í bi wọ́n bóyá ẹmu ọ̀pẹ ni àbí ògùrọ̀. Ọbàtálá fúnra rẹ̀, ká ní ó tu ẹmu ọjọ́ yẹn dànù ni, bóyá ni Odùduwà ì bá fi bá a lójú oorun gba iṣẹ́ ìdá ayé mọ́ ọn lọ́wọ́.

Síbẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yàrá yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Kálukú di ife tirẹ̀ mú, kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì ibi tó ti wá. Lábẹ́ ọ̀pẹ, igbá ò ní tíì yí dé ọ̀dọ̀ ẹ kí wọ́n tó mọ ọmọ ẹni tó o jẹ́.

Bí a ṣe ń jáde, a rí ọmọbìnrin náà lẹ́yìn ilé pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀, búrẹ́dì àti ìgò kan lórí tábìlì. Ó ń mu, ó sì ń gbé e mì! Ìyá Tọ́pẹ́ ní Bourgogne ló kàn lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ti gbà, àmọ́ ìgò la máa rà, a ò ní sanwó ìtọ́wò.