Ìkìlọ̀ Tí Kò Ṣẹ, Ṣé Irọ́ Ni?

Bí òkè bá ya lulẹ̀ tó dí odò, omi a máa gbá jọ sẹ́yìn rẹ̀. Kò sí bíríkìlà tó mọ ògiri ọ̀hún: ó lè wó lọ́la, ó lè pẹ́ títí. Kí wá ni kí á wí fún àwọn ará ìsàlẹ̀ odò?

Ní 1893, irú èyí ṣẹlẹ̀ ní Gohna ní ilẹ̀ Íńdíà. Àwọn ẹnjiníà ṣírò pé àárín oṣù kẹjọ 1894 ni omi yóò kún bò ó. Wọ́n ta wáyà tẹligíráàfù lọ sísàlẹ̀, wọ́n kó ènìyàn kúrò. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, omi bò ó. Ìlú Srinagar ti Garhwal bà jẹ́ pátápátá, àmọ́ ènìyàn márùn-ún péré ló kú sí ìkún omi náà.

Ní Attabad ní Pakistan, ní 2010, wọ́n tún kó ènìyàn kúrò. Omi bò ó ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, ògiri kò wó. Ṣé òpùrọ́ ni àwọn tó kìlọ̀? Èmi kò gbà.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, iṣẹ́ wa wà níbẹ̀. “Yóò wó” àti “kò séwu” nìkan kọ́ ni èdè wa ní. “Ó lè wó” ń bẹ. “Àfàìmọ̀ kó má wó” sì lágbára jù ú lọ. Ẹni tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ á di ẹrù sílẹ̀. Ẹni tó gbọ́ èkejì á ti gbé e rù. Kí akéde wá fi kún un pé: “A óò tún wọn omi náà lọ́la, a óò sì wí fún yín bí ọ̀rọ̀ bá yí padà.”