Owó Dé, Orúkọ Kò Dé: Ta Ni Yóò Dáhùn?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfikún owó oṣù. Ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ti yọ kúrò nínú owó oṣù wa ni, tí ó yẹ kí ó máa dúró dè wá di ọjọ́ ogbó.

Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014, èyí tí ó rọ́pò ti 2004, sọ pé ilé iṣẹ́ aládàáni tí ó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa dá owó ìfẹ̀yìntì. Òṣìṣẹ́ yóò dá ó kéré tán náírà 8 nínú 100, agbanisíṣẹ́ yóò fi ó kéré tán náírà 10 nínú 100 kún un. Ká ní iye tí wọ́n fi ń ṣírò fún òṣìṣẹ́ kan jẹ́ 80,000 náírà lóṣù. Wọn yóò yọ 6,400 lọ́wọ́ rẹ̀, ilé iṣẹ́ yóò fi 8,000 sí i, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 14,400. Lọ́dún kan, ó di 172,800 náírà. Èyí kì í ṣe owó ẹ̀fọ́. Òfin kan náà sì sọ pé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 tí a bá ti san owó oṣù, owó yìí gbọ́dọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́.

Ibo ni ó ń lọ? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa kò ti mọ bí ọ̀nà ṣe rí. Ilé iṣẹ́ tí a ń pè ní PFA ni ó ń tọ́jú ìwé àkáǹtì wa, òun ni ó sì ń ronú bí owó yóò ṣe pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n owó gan-an kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé ìpamọ́ mìíràn, tí a ń pè ní PFC, ni ó wà. Òfin mọ̀ọ́mọ̀ pín in bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹni tí ó mú ìwé má baà jẹ́ ẹni tí ó mú àpò. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé ohun méjì ni ó gbọ́dọ̀ kúrò ní ilé iṣẹ́ wa lóṣooṣù: owó, àti ìwé orúkọ tí ó ń sọ pé ti lágbájá ni èyí, ti tàmẹ̀dò ni ìyẹn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó ń gba ọ̀nà kan, ìwé orúkọ ń gba ọ̀nà mìíràn. Bí owó bá dé tí ìwé kò dé, owó náà á jókòó sí ilé ìpamọ́, kò ní lórúkọ ẹnikẹ́ni. Wọn kò jí i, wọn kò ná an, ṣùgbọ́n kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin awakọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí yóò tètè yé jù. Bí ẹnìkan bá gbé páálí wá sí ibùdókọ̀ ní Ìwó pé kí ẹ bá òun gbé e lọ sí Ìwó Road n’Íbàdàn, ẹ kì í kàn jù ú sí bùùtù. Ẹ ó béèrè orúkọ ẹni tí yóò gbà á àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀, akọ̀wé yóò sì kọ wébíìlì. Páálí tí kò ní wébíìlì, bó ti wù kí ọkọ̀ dára tó, bó ti wù kí awakọ̀ jẹ́ olóòótọ́ tó, igun ọ́fíìsì ni yóò parí ìrìn rẹ̀ sí. Owó ìfẹ̀yìntì tí kò ní ìwé orúkọ, páálí tí kò ní wébíìlì ni.

Lóde òní, kọ̀ǹpútà ni ó ń kọ wébíìlì náà. Kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ ń bá ti báńkì sọ̀rọ̀, ti báńkì ń bá ti ilé ìpamọ́ sọ̀rọ̀, PFA pẹ̀lú ní tirẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kò gbọ́ èdè ara wọn. Ọ̀kan ń kọ orúkọ ìdílé ṣáájú, èkejì ń kọ ọ́ kẹ́yìn. Ọ̀kan ń fi ọjọ́ ṣáájú oṣù, èkejì ń fi oṣù ṣáájú ọjọ́, tó fi jẹ́ pé 05/06 tí ọ̀kan pè ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà, ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún ni èkejì kà á sí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ alárinà sáàárín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rọ kìíní, kí ó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè ẹ̀rọ kejì, kí ó tò ó sórí ìlà bí ẹ̀rọ kejì kò bá tíì ráyè, kí ó jíṣẹ́, kí ó sì mú èsì padà wá.

Kì í ṣe ohun tuntun sí Yorùbá. Àwọn baba wa ń fi àrokò ránṣẹ́. Ẹni tí a bá fi ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ sí mọ̀ pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ fà sí òun. Ṣùgbọ́n ẹni méjèèjì ni ó ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀ kí oníṣẹ́ tó gbéra. Bí ẹyọ kan bá já bọ́ lọ́nà, iṣẹ́ tí a rán kọ́ ni yóò dé. Ẹ̀rọ alárinà sì dà bí odídẹrẹ́ tí a fi mọ ìlú wa: ohun tí o bá kọ́ ọ ni yóò wí. Bí o bá kọ́ ọ pé kí ó gé orúkọ tó bá gùn, yóò máa gé e lóṣooṣù láìṣojo, títí ẹnìkan yóò fi wò ó.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí ìyẹn ṣe ń kan wá. Nínú ìwé ilé iṣẹ́, wọ́n kọ Ganiyu; nínú ìwé PFA, wọ́n kọ Ganiu. Obìnrin kan wọ iṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀, ó lọ́kọ, ilé iṣẹ́ yí orúkọ rẹ̀ padà, PFA kò sì mọ̀. Akọ̀wé kan fi nọ́ńbà kan sílẹ̀ nínú PIN tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN. Ẹ̀rọ kò ní ojú àánú tí yóò fi wí pé, “Ọmọ àdúgbò wa nìyí, mo mọ̀ ọ́n.” Yóò kọ̀ ọ́ ni, yóò sì gbé e sí igun kan pẹ̀lú àwọn tí kò rí ibi lọ. Gbogbo ẹ̀rọ alárinà tó dára ni ó ní irú igun bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè wa ni èyí: ta ni ń wo igun náà?

Ìdáhùn tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ́fíìsì ni pé, “Nẹ́tíwọ́kì ni.” Ọ́fíìsì yóò ní ká lọ bi báńkì, báńkì yóò ní ká lọ bi PFA, PFA yóò ní ká padà sí ọ́fíìsì. Òṣìṣẹ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ yóò wá di oníṣẹ́ láàárín kọ̀ǹpútà mẹ́ta tí wọ́n ní ẹ̀rọ wà fún. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ta ni ó rán ẹ̀rọ yìí níṣẹ́? Agbanisíṣẹ́ ni. Òun ni ó yọ owó, òun ni òfin dá lẹ́bi bí kò bá tètè san án. Ìtanràn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní náírà 2 nínú 100 lórí owó tí ó kù nílẹ̀, fún oṣù kọ̀ọ̀kan, gbèsè tó sì jẹ àkáǹtì òṣìṣẹ́ ni.

Àjọ PenCom ti rí ìṣòro yìí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2025, wọ́n pàṣẹ pé kí àwọn agbanisíṣẹ́ máa gba inú ètò tuntun kan, PCRS, san owó ìfẹ̀yìntì. Àwọn ilé iṣẹ́ alárinà tí àjọ náà fọwọ́ sí ni yóò máa gba owó àti ìwé orúkọ pọ̀, kí méjèèjì lè jọ rìn. A yìn wọ́n. Páálí àti wébíìlì ti wọ ọkọ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n ètò yìí kò lè tún orúkọ tí ilé iṣẹ́ kọ ní àkọtì kọ. Bí ìwé tí wọ́n kó sínú rẹ̀ bá wọ́, wíwọ́ ni yóò jáde.

Ẹ rántí ohun tí ojú wa rí ní oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún 2023, nígbà tí owó náírà ṣọ̀wọ́n, tí gbogbo ayé kó sórí fóònù láti fi owó ránṣẹ́. Owó kúrò níhìn-ín, kò dé ọ̀hún. Láàárín àwọn báńkì, ilé iṣẹ́ NIBSS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993, ni alárinà, òun ni ó sì gbé ètò owó kíákíá jáde ní 2011. Báńkì kìíní yóò ránṣẹ́, báńkì kejì lè ti gbà á, ṣùgbọ́n kí èsì má padà dé. Bí báńkì kìíní bá tún un rán, owó lè wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá dá a padà fún olówó, báńkì lè pàdánù. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹni tó gbà á lè wò ó bóyá òun ti rí i rí.

Ẹ kíyè sí i pé ní oṣù kẹfà ọdún 2020, Báńkì Àpapọ̀ ti fi àkókò sí i: owó tí ẹ̀rọ ATM báńkì mìíràn bá yọ láìpọ̀ ọ́ fún ni, kí wọ́n dá a padà láàárín wákàtí 48, ti POS, wákàtí 72. Níbi tí àkókò bá wà, ẹjọ́ wà. Níbi tí kò bá sí, “ẹ máa fọkàn balẹ̀” ni a ó máa gbọ́.

Àwọn kan nínú wa ń sọ pé kí a padà sí ìwé àti bírò. A kò gbà. Ìwé àti bírò náà sọnù, òjò pa á, ikán jẹ ẹ́, kò sì sí ẹni tó mọ ọjọ́ tó sọnù. Ẹ̀rọ tí a bá ṣètò rẹ̀ dáadáa máa ń fi ipasẹ̀ sílẹ̀: ọjọ́ tí a ránṣẹ́, ọjọ́ tí wọ́n gbà á, ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ọ́. Ìpasẹ̀ yẹn ni ẹ̀rí wa. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rọ ni, kò kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. A bi wọ́n: ìgbà wo ni owó oṣù wa kò kàn wá mọ́?

Nítorí náà, nígbà tí a bá tún jókòó pẹ̀lú àwọn agbanisíṣẹ́, ohun tí ó yẹ kí ẹ̀ka wa béèrè nìyí, kí a sì kọ ọ́ sínú àdéhùn.

Èkíní, kí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan dárúkọ ẹnìkan, kì í ṣe “ọ́fíìsì,” tí yóò máa wo igun àwọn tí ẹ̀rọ kọ̀ lóṣooṣù.

Èkejì, kí wọ́n máa fún ẹ̀ka ní nọ́ńbà mẹ́ta: iye orúkọ tí wọ́n fi ránṣẹ́, iye tí wọ́n gbà, iye tí wọ́n kọ̀. A kò béèrè àṣírí ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá fi 200 ránṣẹ́ tí wọ́n gba 193, a fẹ́ mọ̀ pé méje ń bẹ nílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n sọ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n sì tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí wọ́n bá fẹ́ pàrọ̀ ẹ̀rọ, kí ti àtijọ́ àti tuntun jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ fún oṣù méjì, kí ó má sì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ owó oṣù. Ní 2024, àwọn báńkì ńlá kan pàrọ̀ ẹ̀rọ wọn, ọ̀pọ̀ oníbàárà kò sì lè fọwọ́ kan owó wọn fún ọjọ́ díẹ̀. Bí báńkì bá lè kọsẹ̀, ilé iṣẹ́ tiwa náà lè kọsẹ̀.

Ẹ̀yin awakọ̀ àti ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní ọ̀gá, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Láti 2019 ni ètò ìfẹ̀yìntì ti wà fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, tí yóò máa dá ohun tí agbára rẹ̀ ká. Ẹ̀yin ni yóò máa fi owó ránṣẹ́ fúnra yín. Ẹ tọ́jú nọ́ńbà ìsanwó kọ̀ọ̀kan bí ẹ ti ń tọ́jú wébíìlì.

Ní tiwa, kí olúkúlùkù béèrè ìwé àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ́wọ́ PFA kí oṣù yìí tó parí. Ẹ wo orúkọ, ẹ wo PIN, ẹ ka oṣù kọ̀ọ̀kan níkọ̀ọ̀kan. Oṣù tí wọ́n yọ owó tí ẹ kò rí i níbẹ̀, ẹ mú ìwé owó oṣù yẹn wá fún akọ̀wé ẹ̀ka. Ẹnìkan tó bá lọ béèrè, wọ́n lè ní kó padà wá lọ́la. Ogójì ènìyàn tí ìwé wọn wà nínú fáìlì kan, ìdáhùn ni wọn yóò gbà. Ìṣọ̀kan ni agbára wa.